Lẹ́tà ṣíṣí sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa: ẹ kó májèlé kúrò lórí ààtàn

Sí Alága àti gbogbo kánsílọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wa, ọ̀kan nínú mọ́kànlá tí ó wà ní ìlú Ìbàdàn,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. N kò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn, nítorí pé Ọjọ́bọ̀ tí ẹ dá fún ìpele kejì iṣẹ́ fífi májèlé pa ajá ìgboro yìí kò jìnnà mọ́, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi tó yín létí kí ọjọ́ náà tó kò.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ̀ tí ó gbé gbohùngbohùn lórí yí àdúgbò wa ká, ó ń kéde pé kí gbogbo ẹni tí ó bá ní ajá so ó mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, nítorí pé ajá ti bu ọmọdé kan jẹ, àti pé èyíkéyìí tí wọ́n bá bá ní ìta lẹ́yìn náà, ìjọba yóò palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwa tí a gbọ́ rò pé ẹ óò mú wọn ni. Ní òru ọjọ́ kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ yín gbé ìfun màlúù tí wọ́n ti fi májèlé rin kalẹ̀ sí ibi mẹ́ta: ààtàn ẹ̀yìn ọjà, ẹ̀gbẹ́ odò ẹran, àti abẹ́ afárá.

Kí ẹ lè mọ ẹni tí ń bá yín sọ̀rọ̀, ọdún kẹfà nìyí tí èmi àti àwọn méjì mìíràn, ìyá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran àti ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó jẹ́ télọ̀, ti ń tọ́jú àwọn ajá tí kò ní olówó ní àdúgbò yìí. Èmi kan náà ni mo máa ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn lọ sí ẹ̀bá odò láàárọ̀, tí àwọn ọmọdé fi ń pè mí ní Bàbá Ẹlẹ́yẹ. Àwọn kan nínú yín ti rí mi níbẹ̀ rí, tí mo dojú bolẹ̀ nínú koríko bí ẹni tí ń sá fún ọlọ́pàá.

1. Ohun tí ojú mi rí ni n óò kọ́kọ́ sọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, mo dé ààtàn ẹ̀gbẹ́ odò ẹran ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, nítorí pé àsìkò yẹn ni àwọn igún máa ń na ìyẹ́ sí oòrùn kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá jẹun. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé kì í dákẹ́. Bí ajá kò bá máa jà sí egungun, àwòdì yóò máa súfèé lókè. Lọ́jọ́ náà, eṣinṣin nìkan ni mo ń gbọ́. Mo ka ajá mọ́kànlá ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, igún mẹ́fà, àwòdì mẹ́rin, àti awọ́nrínwọ́n kan tí ó ti wọ́ ara rẹ̀ dé etí omi kí ó tó kú. Mo ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn níbi tí wọ́n wà. Ọjọ́ àti aago wà lára àwòrán kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà wọn sì ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé yín láti ọjọ́ kejì.

Abo ajá kan wà tí a ń pè ní Tanímọ̀la. Télọ̀ wa ni ó sọ ọ́ lórúkọ náà, aládùúgbò rẹ̀ kan ni ó sì ń fi orúkọ náà bá wí, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe ní ilẹ̀ yìí. Ẹnu ihò tí ó bímọ sí lábẹ́ afárá ni mo ti bá a. Ìtọ́ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le gbagidi, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin tí ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là sì ṣì ń fa ọmú rẹ̀. Mo yọ lẹ́ǹsì kúrò nínú àpò kámẹ́rà mi, mo fi àwọn ọmọ náà rọ́pò rẹ̀. Méjì nínú wọn ni ó kù láàyè títí di òní.

2. Méje nínú ajá mọ́kànlá náà ni ó ní ọ̀já àǹkárá lọ́rùn. Gbogbo àdúgbò ni ó mọ ìtumọ̀ ọ̀já yẹn, láti orí àwọn alápatà títí dé orí àwọn ọmọ tí ń ṣa ike: ajá tí a bá so ó mọ́ lọ́rùn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lọ́dún náà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ yín kò bá mọ̀, wọn ìbá bèèrè.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ kékeré ni ẹ fi òru kan bàjẹ́. Ajá tí kò mọ ọwọ́ ènìyàn kò ṣeé mú pẹ̀lú agídí. Ńṣe ni a máa ń jókòó sílẹ̀, tí a óò kọ ẹ̀yìn sí i, tí a óò máa já orí ẹja panla díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wa láìwo ojú rẹ̀, nígbà mìíràn fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, títí yóò fi wá fi imú kan ìgbọ̀nwọ́ ẹni. Ọjọ́ náà ni a óò tó mọ̀ pé ó ti gbà fún wa. Abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ; ìyá wa yóò gún un, yóò tú eégbọn etí rẹ̀ dànù, yóò kọ ọjọ́ sínú ìwé, télọ̀ yóò sì so ọ̀já mọ́ ọn. Ajá 64 ni ó wà nínú ìwé náà fún ọdún tí ó kọjá, owó àpò wa ni a sì fi ra gbogbo abẹ́rẹ́ náà.

Àwọn ajá tí ó gba abẹ́rẹ́ yìí ni odi àdúgbò. Wọ́n mọ ààlà wọn, wọn kì í jẹ́ kí ajá àjèjì wọ inú rẹ̀, bí ajá dìgbòlugi kan bá sì bù wọ́n jẹ, àrùn náà kò ní ràn kọjá ọ̀dọ̀ wọn. Nísinsìnyí tí ẹ ti pa wọ́n, ààtàn ṣì wà níbẹ̀, ìfun ṣì wà lórí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá péré, mo ti ya àwòrán ajá márùn-ún tí n kò rí rí, tí ẹnikẹ́ni kò gún lábẹ́rẹ́, tí wọ́n ń jẹun níbi tí àwọn méje yẹn ti ń jẹun.

3. N kò sọ pé dìgbòlugi kì í ṣe ewu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún lágbàáyé, pé láti ara ajá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ti ń kó o, àti pé mẹ́rin nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ẹranko tí a fura sí ń bù jẹ ni kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, kò sí oògùn tí a lè gbójú lé mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a ṣe ohun tí ó ń ṣiṣẹ́. Àjọ yìí kan náà ni ó sọ fún gbogbo ìjọba pé bí a bá gún ajá 70 nínú 100 lábẹ́rẹ́ ní agbègbè kan, tí a sì ń ṣe é lọ́dọọdún, àrùn náà yóò dáwọ́ dúró láàárín wọn, àti pé pípa ajá nípakúpa kò ní dá a dúró.

Ní erékùṣù Bali ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, nígbà tí dìgbòlugi wọ ibẹ̀ ní ọdún 2008, májèlé ni ìjọba kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ fún ajá, bí ẹ ti ṣe yìí. Àrùn náà ń tàn láti abúlé dé abúlé títí ó fi gba gbogbo erékùṣù náà. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún ajá lábẹ́rẹ́ jákèjádò ní ọdún 2010 ni iye àwọn tí ń kú tó bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ohun tí ó fà á tí àrùn fi ń tàn níbi tí wọ́n ti ń fi májèlé pa ajá kò ṣòroó mọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ yín kéde tán, ọkùnrin kan ní òpópónà wa kó ajá rẹ̀ mẹ́ta sínú bọ́ọ̀sì, ó kó wọn sá lọ sí abúlé àna rẹ̀. Kò sí èyí tí ó gba abẹ́rẹ́ nínú wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní àrùn lára, ẹ ti bá a gbé e dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Ní ti ọmọ tí ajá bù jẹ, òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn mí. Èmi ni mo fi ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, tí ọmọ náà ń ké, tí ìyá rẹ̀ sì ń bẹ̀ mí pé kí n fi ata gígún lé e bí ìyá àgbà rẹ̀ ti wí. Lẹ́yìn náà, a lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó wà lábẹ́ yín. Wọ́n ní kò sí abẹ́rẹ́, wọ́n ní fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá ọmọ náà yá owó kí ó tó rí abẹ́rẹ́ rà fún ọmọ rẹ̀. Owó tí ẹ fi ra ìfun àti májèlé, ṣé kò lè tún fíríìjì kan ṣe?

4. Ọ̀rọ̀ àwọn igún ni ó dùn mí jù, bóyá nítorí pé n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín dárúkọ wọn. Ẹ̀yin àgbà ni ẹ kọ́ wa pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń tà á lọ́jà fún oògùn láìka èèwọ̀ yẹn sí, mo sì ti bá wọn jà títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n pé ìjọba fúnra rẹ̀ pa mẹ́fà ní òru kan, n kò rò ó rí.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ju ọmọ ogójì ọdún lọ ní Ìbàdàn rántí ìgbà tí igún máa ń bo òrùlé odò ẹran. Ní ọdún 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tí ń kọ àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu àtiparun, gbé irú igún tiwa yìí, kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí orí rẹ̀ pá, sí ìpele tí ó burú jù lọ fún ẹ̀dá tí ó ṣì wà nínú igbó, nítorí bí iye rẹ̀ ti ń já wálẹ̀ ní Áfíríkà. Ní Guinea-Bissau, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ó ju 2,000 lọ tí májèlé pa láàárín oṣù díẹ̀. Igún kì í ṣe adìyẹ tí yóò tún pa mìíràn lóṣù tí ń bọ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ máa ń yé. Bí ó bá pa á, ọmọ náà yóò lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìtẹ́ kí ó tó lè fò, òun àti akọ rẹ̀ ni wọ́n sì jọ máa ń bọ́ ọ.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ya àwòrán àwọn méjì kan tí wọ́n pa ìtẹ́ sí orí igi àràbà tí ó wà lẹ́yìn odò ẹran. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn dájú, nítorí pé ìka kan ti gé lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀. Bí inú bá bí i, tàbí bí ẹlòmíràn bá sún mọ́ ẹran rẹ̀, awọ ojú rẹ̀ yóò pọ́n bí epo. Bí ara rẹ̀ bá sì balẹ̀, yóò tún padà di fẹ́ẹ́rẹ́. Òun ni òkú kẹta tí mo yí padà lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ ti funfun bí eérú. Ọmọ wọn wà nínú ìtẹ́ lókè. Èkejì rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, òun nìkan, fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní ọjọ́ keje, n kò rí orí ọmọ náà mọ́ ní etí ìtẹ́, bí mo ti lẹ̀ dúró di ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tí kò fẹ́ràn igún náà, kí ó jọ̀wọ́ ro èyí wò. Ní orílẹ̀-èdè India, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwọn igún ibẹ̀ kú lọ bíi rẹ́rẹ́ nítorí oògùn ìrora kan tí ń jẹ́ diclofenac tí wọ́n ń fún màlúù. Òkú màlúù tí igún ìbá jẹ tán wá di oúnjẹ ajá, ajá ìgboro pọ̀ sí i, dìgbòlugi sì pọ̀ sí i láàárín ènìyàn, títí ìjọba fi fòfin de oògùn náà fún màlúù ní ọdún 2006. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí ajá dín kù lórí ààtàn kò gbọdọ̀ pa igún tí ń bá ajá du oúnjẹ níbẹ̀. Ẹ ti pa aláàbò, ẹ ti pa agbálẹ̀, ẹ sì fi àsè sílẹ̀ fún àjèjì.

5. Abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fún ẹranko ní májèlé láìsí ìdí tí ó bọ́gbọ́n mu lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó san àádọ́ta náírà. Àádọ́ta náírà kò tó ra búrẹ́dì mọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ṣì jẹ́ oṣù mẹ́fà.

6. Ẹ sọ lórí rédíò pé àwa tí a ń fún ajá lóúnjẹ ni a fà á tí wọ́n fi pọ̀. Ìkòkò kan ni a máa ń sè lójúmọ́, ẹ̀bà àti orí ẹja. Lójoojúmọ́, ìfun àti ẹ̀jẹ̀ gbogbo màlúù tí wọ́n bá pa ní odò ẹran ni wọ́n ń dà sí ìta gbangba, tí ọkọ̀ ìkólẹ̀ kì í fi í dé fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ìkólẹ̀ wà níbẹ̀, àbójútó ibi ìpẹran wà níbẹ̀, àkóso ẹran ọ̀sìn inú ilé àti ìrìn wọn náà wà níbẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ti yín. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà, a kò ní gbà pé gómìnà ni ó di owó ìkólẹ̀ yín mú.

Lẹ́tà mẹ́ta ni a ti kọ sí ọ́fíìsì yín lórí ààtàn yìí láàárín ọdún méjì, gbogbo wọn ni ó sì ní òǹtẹ̀ pé ẹ gbà á. A kò rí èsì ẹyọ kan.

7. Ohun tí a ń béèrè nìyí. Ẹ fagi lé ìpele kejì tí ẹ dá sí Ọjọ́bọ̀, kí ẹ sì fi ọkọ̀ àti gbohùngbohùn kan náà kéde rẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wọ ìbọ̀wọ́ kó ìyókù ìfun náà kúrò, pàápàá lábẹ́ afárá níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣa ike, kí wọ́n sì jó o pẹ̀lú òkú àwọn ẹran náà. Lánàá, mo ṣì rí òkú ajá méjì nínú gọ́tà tí ó wọ inú odò. Ẹ sọ orúkọ májèlé náà fún àwọn ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ọmọ ẹnìkan bá fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fún wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá, dókítà ẹran kan, àti pápá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́rin fún òpin ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ẹni tí ó bá mú ajá wá. Àwọn tí kò ní olówó, àwa yóò mú wọn wá. Ìwé wa wà nílẹ̀, gbogbo ibi tí wọ́n ń sùn sí ni a mọ̀. Ẹ tún fíríìjì ilé ìwòsàn ṣe, kí ẹ sì gbé abẹ́rẹ́ ènìyàn sínú rẹ̀. Ẹ ṣe ọgbà yí ibi tí odò ẹran ń da ìdọ̀tí sí ká, kí ọkọ̀ sì máa kó o lójoojúmọ́. Bí ẹ bá tilẹ̀ rò pé àwọn kan nínú àwọn ajá náà burú, ẹ pè wá kí a jọ lọ mú wọn ní ojúmọmọ.

A ń retí èsì yín lórí ìwé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí a kò bá rí i, agbẹjọ́rò kan tí ó ti gbà láti ràn wá lọ́wọ́ yóò gbé àwọn àwòrán náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Bí ẹ kò bá sì fagi lé ti Ọjọ́bọ̀, láti aago méjìlá òru ni èmi, télọ̀ àti ìyá wa yóò ti wà lórí ààtàn ẹ̀gbẹ́ odò ẹran pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti kámẹ́rà, a ó sì ya àwòrán gbogbo ẹni tí ó bá gbé ìfun dé ibẹ̀.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Bàbá Ẹlẹ́yẹ, ní orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta